Awo àti Àwo: Bí Ohùn Ọdún Ifá Ṣe Lè Dé Ilé Gbogbo Ènìyàn



 Ní irú ìpéjọ báyìí, ọ̀rọ̀ odù, ọ̀rọ̀ ẹbọ àti ọ̀rọ̀ ìwà ni a sábà máa ń gbọ́. Èyí tí a gbé wá lónìí dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé tí ń jókòó ti kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àgbà ni, nítorí ó kan bí ohun tí à ń sọ níhìn-ín yóò ṣe dé etí ẹni tí kò sí níhìn-ín.

Lẹ́yìn ọdún kọ̀ọ̀kan, àwo fídíò ọdún ni àwọn ènìyàn máa ń béèrè. Ìyá àgbà tí orúnkún kò jẹ́ kí ó lè jáde fẹ́ rí bí wọ́n ṣe jó níwájú Ifá. Ọmọ tí ó wà ní London tàbí ní Houston fẹ́ gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ nínú ìyẹ̀rẹ̀. Ọmọ awo tí ó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ fẹ́ padà tẹ́tí sí ẹsẹ Ifá tí ó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n á gba àwo, wọ́n á fi í sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á yí i títí, á sì pọ̀ ọ́ síta. Lọ́pọ̀ ìgbà, fídíò náà wà nínú àwo láìlábùkù. Ẹni tí ó ṣe é ni kò kọ ọ́ sí i ní ọ̀nà tí ẹ̀rọ ilé lè kà.

Ohun méjì ni a fẹ́ kí ó yé wa. Èkíní ni pé àwo tí kò bá òṣùwọ̀n ẹ̀rọ ilé mu kò sàn ju ọ̀rọ̀ tí a sọ sínú kànga lọ. Èkejì ni pé àwo tí ó bá òṣùwọ̀n mu, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ níbi gbogbo, ni ó ń fẹ́ ìṣọ́ra jù, nítorí ohun tí ó bá ti dé ilé gbogbo ènìyàn kò ṣeé pè padà mọ́.

Èdè wa ti fi ọ̀rọ̀ méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí ọ̀ràn yìí. Awo ni ẹni tí a fi àṣírí pamọ́ sí lọ́wọ́. Àwo ni ohun pẹrẹsẹ tí a fi ń gbé oúnjẹ fún àlejò, orúkọ rẹ̀ náà ni a sì fi pe rẹ́kọ́ọ̀dù nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ wa. Awo ń pa mọ́, àwo ń gbé jáde. Iṣẹ́ méjèèjì ni ó wà lọ́rùn ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọdún Ifá sínú fídíò.

ÀWO LÁÀÁRÍN ÀWA YORÙBÁ

Kì í ṣe òní ni ohùn Yorùbá ti ń wọ inú àwo. Ní ọdún 1922, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti láti ilẹ̀ Ẹ̀gbá kọ orin ẹ̀sìn Kristi ní èdè Yorùbá ní London, ilé iṣẹ́ Zonophone sì gbà á sínú àwo. Ọdún 1930 ni ó papò dà, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ títí di òní. Ẹ̀sìn tirẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa, síbẹ̀ ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ jẹ́ ti gbogbo wa: ẹni tí ó fi ohùn sílẹ̀ kò kú tán.

Lẹ́yìn giramafóònù ni kásẹ́ẹ̀tì dé, lẹ́yìn náà ni fídíò kásẹ́ẹ̀tì tí àwọn òṣèré fi gbé eré wọn kúrò lórí ìtàgé wọ inú yàrá wa. Nígbà tí Tunde Kelani gbé Ṣaworoidẹ jáde ní ọdún 1999, fídíò kásẹ́ẹ̀tì ni ó ṣì wọ́pọ̀ nílé àwọn ènìyàn. Láàárín ọdún díẹ̀ lẹ́yìn èyí, VCD gba ipò rẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà àti ní Alábà, nítorí pé ó fúyẹ́, owó rẹ̀ kò pọ̀, kò sì ní téèpù nínú tí yóò lọ́.

Àwa onífá náà kò sùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wande Abimbola bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá jáde ní ọdún 1968, Olóyè Yemi Elebuibon sì gbé Ifá wọ orí tẹlifíṣọ̀n nínú ètò Ifá Olókun Aṣọ̀rọ̀dayọ̀. Ní ọdún 2005, àjọ UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ogún àtẹnudẹ́nu tí ó ta yọ fún gbogbo ọmọ aráyé. Ní ọdún 2008 wọ́n kọ ọ́ sínú àkójọ irú ogún bẹ́ẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ogún àtẹnudẹ́nu ni wọ́n pè é. Ìwé lè pa ọ̀rọ̀ ẹsẹ Ifá mọ́, ṣùgbọ́n ìwé kò lè pa ibi tí ẹni tí ń sun ìyẹ̀rẹ̀ ti gbé ohùn sókè mọ́, tàbí ibi tí àwọn elégbè ti gbà á lẹ́nu rẹ̀, tàbí bí ìlù ìpèsè ṣe ń bá a rìn. Fídíò lè ṣe èyí. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ àwo fi tó iṣẹ́ tí àgbà lè jókòó tì.

ÒṢÙWỌ̀N ỌJÀ ÀTI ÒṢÙWỌ̀N ÀWO

Ejìnrìn tí a wà yìí, ìlú ọjà ni. Kí ọ̀nà ọlọ́dà tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ ojú omi, ọjà rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọjà ńlá etí ọ̀sà. Ṣáájú ogun ọdún 1892, nígbà tí àwọn Ìjẹ̀bú kì í jẹ́ kí àjèjì là wọ́n kọjá sí òkè, irú ọjà báyìí ni ará Èkó àti ará òkè ti ń pàdé. Ẹni tí ó gbé epo wá kò mọ ilé ẹni tí yóò rà á, ẹni tí ó rà á kò sì mọ oko tí epo ti wá. Òṣùwọ̀n tí àwọn méjèèjì gbà ni ó jẹ́ kí ọjà ná.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti àwo. Ẹni tí ń ṣe àwo ní Ejìnrìn kò mọ irú ẹ̀rọ tí ó wà nílé ẹni tí yóò wò ó ní Agbọ̀wà tàbí ní Manchester. Òṣùwọ̀n nìkan ni àdéhùn tí ó wà láàárín wọn. Àwọn ilé iṣẹ́ Philips, Sony, Matsushita àti JVC ni wọ́n fi ẹnu kò lórí òṣùwọ̀n VCD ní ọdún 1993. DVD tẹ̀ lé e. Orílẹ̀-èdè Japan ni wọ́n ti kọ́kọ́ tà á, ní ọdún 1996. Ẹ̀rọ ilé tí a rà ní ọjà ti kọ́ èdè méjì yìí láti ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é. Bí a bá bá a sọ èdè kẹta, kò ní í gbọ́.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Wọ́n fi fóònù ya ọdún, wọ́n mú fáìlì tí ó wà nínú fóònù, wọ́n dà á sórí àwo òfìfo bí ó ṣe wà, wọ́n sì pè é ní DVD. Àpò fáìlì ni wọ́n ṣe, wọn kò ṣe àwo fídíò. Kọ̀ǹpútà yóò ṣí i, nítorí kọ̀ǹpútà gbọ́ èdè púpọ̀. Ẹ̀rọ ilé tí ó ti lo ọdún mẹ́wàá nínú yàrá ìyá àgbà kò ní í mọ ohun tí ó jẹ́.

OHUN TÍ Ó WÀ LÁRA ÀWO

Bí a bá yí ẹ̀yìn àwo sókè, dídán nìkan ni ojú wa ń rí. Nínú dídán yẹn ni ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí ó ń yí bíríbírí láti àárín lọ sí etí. Bí ó bá ṣeé ṣe láti tú ọ̀nà yìí lára CD kan kí a sì nà án, yóò ju kìlómítà 5 lọ. Lójú ọ̀nà náà ni àmì wà, bẹ́ẹ̀ ni àlàfo wà láàárín àmì. Iná léésà ń ràn sí i, ó ń kà á bí ó ṣe ń dán àti bí kò ṣe dán.

Àwo tí a rà ní Alábà tí fíìmù ti wà nínú rẹ̀, òǹtẹ̀ ni ilé iṣẹ́ fi tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwo òfìfo tí a fi ń ṣe ti ọdún yàtọ̀. Aró ni wọ́n fi kùn ún nínú. Iná léésà tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà a máa mú aró náà gbóná ní ojú kan, a sì fo ojú kejì, títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń pe iṣẹ́ náà ní bíbọ́ọ̀nù. Ẹni tí ó bá mọ adìrẹ yóò mọ ohun tí ó tẹ̀ lé e: aró a máa ṣá nínú oòrùn. Àwo tí a bọ́ọ̀nù kò lè lálòjẹ́ bí èyí tí wọ́n fi òǹtẹ̀ tẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àmì méjì yìí kò ṣàjèjì sí wa. Nígbà tí a bá tẹ odù sójú ọpọ́n, ipò 8 ni a ń tẹ̀, 4 ní ọ̀tún, 4 ní òsì, ipò kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ yálà ẹyọ kan tàbí méjì. Nínú èyí ni a ti rí odù 256. Kọ̀ǹpútà náà ń ka ohun tí wọ́n ń pè ní báìtì: ipò 8, ipò kọ̀ọ̀kan jẹ́ òdo tàbí ení, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 256. A kò sọ pé baba wa ni ó ṣe kọ̀ǹpútà. Ohun tí a ń sọ ni pé àmì méjì péré, bí a bá tò ó dáadáa, tó láti gbé ọ̀rọ̀ tí kò lópin. Àti pé bí babaláwo bá ṣi ẹyọ kan tẹ̀, odù mìíràn ni yóò kà. Bẹ́ẹ̀ ni àṣìkọ kékeré lára àwo ṣe ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́.

VCD TÀBÍ DVD

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a mọ ẹni tí a ń ṣe àwo fún. VCD ń lo àwo CD tí ó gba mẹ́gábáìtì 700. Ó ń gba fídíò ìṣẹ́jú 80, kò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwòrán rẹ̀ ní ìwọ̀n 352 sí 288. Kò mọ́ tó ti DVD, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ VCD àtijọ́ gbà á, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ DVD náà sì gbà á. DVD ń gba gígábáìtì 4.7, èyí tí ó ju ìlọ́po mẹ́fà CD lọ. Àwòrán rẹ̀ jẹ́ 720 sí 576. A lè fi ọdún wákàtí méjì sínú rẹ̀ kí ojú àwọn ènìyàn sì mọ́ kedere. Ẹ̀rọ tí ó jẹ́ ti VCD nìkan kò lè ka DVD rárá.

Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ àwo ìwúre àti ìyẹ̀rẹ̀ fún àwọn àgbà tí ẹ̀rọ wọn ti pẹ́, VCD kò burú. Bí ó bá jẹ́ odindi ọdún ni, DVD ni kí a ṣe.

Ohun kan tún wà fún àwọn tí ń fi àwo ránṣẹ́ sí òkè òkun. Nàìjíríà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lo òṣùwọ̀n àwòrán kan náà tí ń jẹ́ PAL: àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Amẹ́ríkà ń lo NTSC, tí ó tó àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ìlà rẹ̀ sì jẹ́ 480 dípò 576. Púpọ̀ nínú ẹ̀rọ tí ó wà nílé wa gba méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Amẹ́ríkà kò gba PAL. Ọmọ tí ó wà ní London lè lo àwo tí a ṣe fún Ejìnrìn. Ti ọmọ tí ó wà ní Houston, kí a ṣe é lọ́tọ̀. Ní ti nọ́ńbà agbègbè tí wọ́n máa ń tẹ̀ sára fíìmù òyìnbó, tí Amẹ́ríkà jẹ́ 1, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 2, tiwa sì jẹ́ 5, ìyẹn kò kan àwo tí a fi ọwọ́ ara wa bọ́ọ̀nù. A kì í ti irú rẹ̀ pa mọ́ agbègbè kan.

BÍ A ṢE Ń ṢE É

Iṣẹ́ àwo kì í bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu kọ̀ǹpútà. Ojú agbo ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìlù máa ń bo ohùn mọ́lẹ̀. Kí a gbé máìkì sí ìtòsí ẹni tí ń sun ìyẹ̀rẹ̀, kí a má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ onílù, kí a sì gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí agbo. Àwòrán tí ó ṣókùnkùn ṣì ṣeé fara dà, ṣùgbọ́n ẹsẹ Ifá tí a kò gbọ́ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn ọdún, kí a da gbogbo ohun tí a yà sínú kọ̀ǹpútà, kí a sì dà á sórí ẹ̀rọ ìpamọ́ mìíràn kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Lẹ́yìn náà ni a ó gé e, tí a ó yọ ohun tí kò yẹ kúrò. Nígbà tí a bá gé e tán, kí a lo ètò kọ̀ǹpútà tí ń ṣe àwo fídíò gan-an, kì í ṣe èyí tí ń da fáìlì lásán. DVDStyler wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún DVD. Nero ti ń ṣe VCD ọjọ́ ti pẹ́. Ètò yìí ni yóò yí èdè fóònù padà sí èdè ẹ̀rọ ilé. Kí a sọ fún un pé PAL ni a fẹ́, tàbí NTSC. Kí a pín ọdún náà sí orí: ìwúre, ìbọ Ifá, ìyẹ̀rẹ̀, ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ijó. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ìyẹ̀rẹ̀ nìkan yóò lè lọ síbẹ̀ tààrà.

Àmì kan wà tí àgbà tí kò mọ kọ̀ǹpútà pàápàá lè fi yẹ iṣẹ́ ọmọdé wò. Kí ó ní kí wọ́n ṣí inú àwo náà lórí kọ̀ǹpútà fún òun. Bí ó bá jẹ́ DVD tòótọ́, yóò rí àpò kan tí a kọ VIDEO_TS sí. Bí ó bá jẹ́ VCD, yóò rí èyí tí a kọ MPEGAV sí. Bí ó bá jẹ́ orúkọ fáìlì tí ó parí sí MP4 nìkan ni ó rí, kí ó dá a padà.

Nígbà tí ó bá kan bíbọ́ọ̀nù, kí a má ṣe kánjú. Bí ó bá jẹ́ 16 ni wọ́n kọ sára àwo òfìfo pé ó lè sáré dé, kí a yan 8 tàbí 4. DVD òfìfo pín sí oríṣi méjì: èyí tí ó ní àmì ìyọkúrò lẹ́yìn orúkọ rẹ̀, àti èyí tí ó ní àmì ìròpọ̀. Ẹ̀rọ àtijọ́ sábà máa ń gba ti àkọ́kọ́ ju ti èkejì lọ. Kí a má ṣe lo irú tí a lè pa rẹ́ kí a tún kọ, nítorí dídán rẹ̀ kò tó, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kì í sì í rí i kà. Kọ̀ǹpútà tí ó ní bátìrì ni kí a fi ṣe é, nítorí bí iná bá lọ lójijì, àwo náà di ìdọ̀tí nìyẹn. Bí ó bá kù díẹ̀ kí ó parí, ètò náà lè béèrè bóyá kí òun pa ẹnu àwo dé. Kí a dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Àwo tí a kò pa ẹnu rẹ̀ dé dà bí ẹbọ tí a rú tí a kò gbé. Iṣẹ́ ti wà níbẹ̀, kò tíì jẹ́.

Kí a tó ṣe ogún, kí a kọ́kọ́ ṣe ẹyọ kan. Kí a gbé e lọ sílé mẹ́ta tí ẹ̀rọ wọn kò dọ́gba, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹ̀rọ tí ó gbó jù ní àdúgbò. Kí a wò ó dé òpin. Bí ó bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, yóò ṣiṣẹ́ níbi púpọ̀.

NÍGBÀ TÍ ÀWO BÁ KỌ̀

Ìdí wà tí àwo fi ń kọ̀, ọ̀nà tí ó gbà kọ̀ sì máa ń sọ ìdí náà. Bí ẹ̀rọ bá sọ pé òun kò rí àwo, yálà fáìlì lásán ni a dà sínú rẹ̀, tàbí a kò pa ẹnu rẹ̀ dé, tàbí ojú léésà ẹ̀rọ náà ti dọ̀tí. Kí a fi fíìmù tí a rà ní ọjà dán an wò; bí ẹ̀rọ bá ka ìyẹn, àwo wa ni ó ní ẹjọ́. Bí àwòrán bá wà tí kò ní àwọ̀, tàbí tí ó ń yí sókè sódò, ọ̀rọ̀ PAL àti NTSC ni. Bí ó bá ń lọ dáadáa títí ó fi ku díẹ̀ kí ó parí, kí ó tó wá dúró, ẹ rántí pé láti àárín lọ sí etí ni a ń kọ àwo: etí rẹ̀ ni ó gba ìpalára. Ó lè jẹ́ pé a sáré jù, tàbí pé a kún àwo náà dé ẹnu, tàbí pé ìka ọwọ́ ti kan etí rẹ̀. Bí ó bá ń já lójú kan ṣoṣo, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó ti há. Aṣọ rírọ̀ ni kí a fi nù ún, láti àárín jáde sí etí, kí a má ṣe nù ún yíká.

Kí a má ṣe lẹ bébà mọ́ orí àwo. Ó máa ń mú kí ó wúwo lápá kan, ó sì lè ṣí kúrò nínú ẹ̀rọ. Bírò ẹlẹ́nu rírọ̀ ni kí a fi kọ orúkọ àti ọdún sí i, kì í ṣe bírò ẹlẹ́nu ṣóńṣó.

OHUN TÍ KÒ GBỌDỌ̀ WỌ INÚ ÀWO

Gbogbo ohun tí a ti sọ ń mú kí àwo lè dé ibi gbogbo. Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí kò yẹ kí ó dé ibi gbogbo. Ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ọ̀rọ̀ tí a sọ lójú agbo, àwọn tí ó wà níbẹ̀ nìkan ni wọ́n gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú àwo, ẹni tí ó bá ti ní kọ̀ǹpútà lè sọ ẹyọ kan di ọgọ́rùn-ún kí ilẹ̀ tó mọ́.

Igbódù kì í wọ inú fídíò. Ohun tí a ń ṣe fún ẹni tí a ń tẹ̀ nífá, ohun tí a fi ojú rẹ̀ rí àti ohun tí a fi etí rẹ̀ gbọ́, ti ẹni tí ó bá wọlé ni. Bí ayàwòrán bá jẹ́ ọ̀gbẹ̀rì, kí a fi ibi tí yóò dúró hàn án kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ awo, kí a rán an létí. Àṣírí ẹni tí ó wá béèrè kì í wọ inú fídíò pẹ̀lú. Ẹni tí ó kúnlẹ̀ níwájú Ifá nítorí àìsàn tàbí àìrọ́mọbí kò gbà pé kí àdúgbò wo ẹkún òun ní ọjọ́ Àìkú. Ìṣègùn tí a ka èròjà rẹ̀, kí a gé e kúrò, nítorí ẹni tí yóò fi àbọ̀ gbígbọ́ ṣe é lè pa ara rẹ̀ lára. Kí a gba àṣẹ lẹ́nu àgbà tí a fẹ́ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí a sì gba ti òbí ọmọ tí ojú rẹ̀ yóò hàn.

Òfin ilẹ̀ yìí náà ní ohun tí ó sọ. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ti ọdún 2022 fún àwọn tí ń kọrin, tí ń jó tàbí tí ń kéwì ní ẹ̀tọ́ lórí ohun tí wọ́n ṣe, ó sì dá ààbò bo iṣẹ́ àbáláyé pẹ̀lú. Bí a bá sì fẹ́ ta fídíò ní gbangba, àjọ tí ń yẹ fíìmù àti fídíò wò, èyí tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀, ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé e lọ bá. Ohun tí òfin kò lè ṣe fún wa ni láti gba àṣírí padà. Àwa fúnra wa ni a gbọ́dọ̀ dí ẹnu ọ̀nà kí àwo tó jáde. Nítorí náà, kí àgbà awo méjì jókòó wo fídíò ọdún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ẹnikẹ́ni tó tẹ bọ́tìnì bíbọ́ọ̀nù. Wákàtí méjì ni yóò gbà wọ́n, ohun tí yóò gbà lọ́wọ́ àbámọ̀ sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

ÌPAMỌ́

Afẹ́fẹ́ ọ̀sà tutù, oòrùn ilẹ̀ wa mú, eruku ọyẹ́ sì ń bọ̀ lọ́dọọdún. Kí a tọ́jú àwo sínú páálí rẹ̀ ní ìdúró, ní ibi tí oòrùn kò dé. Ṣùgbọ́n kí a má gbẹ́kẹ̀ lé àwo nìkan. Kí fídíò ọdún kọ̀ọ̀kan wà ní ibi mẹ́ta: lára àwo, nínú ẹ̀rọ ìpamọ́ kan níbí, àti nínú òmíràn ní ilé tí ó jìnnà sí èkíní, kí omi tàbí iná má baà mú gbogbo rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Kí a máa yẹ̀ wọ́n wò lọ́dọọdún. Kọ̀ǹpútà tuntun tí kò ní ojú àwo ti ń pọ̀ sí i, ọjọ́ kan sì lè dé tí ẹ̀rọ ilé náà yóò ṣọ̀wọ́n. Ẹni tí ó bá ti ní fáìlì náà lọ́wọ́ yóò lè gbé e wọ ọkọ̀ tuntun tí ó bá dé. Láti giramafóònù dé kásẹ́ẹ̀tì, láti kásẹ́ẹ̀tì dé àwo, ẹni tí ó ń kó ẹrù kúrò nínú ọkọ̀ tí ó ń gbó nìkan ni ẹrù rẹ̀ gúnlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹ̀yin ọmọ awo. Àwo yóò ràn yín lọ́wọ́ láti rántí, kò lè kọ́ yín. Bí ẹ bá ṣi ẹsẹ Ifá pè níwájú rẹ̀, kò ní í dá yín dúró. Bí ẹ bá béèrè ìdí tí a fi rú ẹbọ kan báyìí, ohun tí ó ti sọ tẹ́lẹ̀ ni yóò tún sọ. Lẹ́sẹ̀ olúwo ni a ti ń kọ́ Ifá, pẹ̀lú ọ̀pẹ̀lẹ̀ lọ́wọ́ àti ìkìlọ̀ létí. Ẹ lo àwo fún ohun tí ó lè ṣe, ẹ má sì fi í rọ́pò ẹni tí ó ṣì wà láàyè tí ẹ lè bi léèrè. Àwọn àgbà tí wọ́n mọ ìyẹ̀rẹ̀ dunjú ń dín kù lọ́dọọdún. Ẹ lọ jókòó tì wọ́n ní báyìí, kí ẹ sì gba ohùn wọn sílẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ wọn, ní òṣùwọ̀n tí ilé gbogbo lè gbọ́.

Kí Ifá jẹ́ kí ohùn wa dé ibi ire. Kí ó jẹ́ kí a mọ èyí tí a ó gbé jáde àti èyí tí a ó pa mọ́. Ẹ̀mí wa yóò ṣe ọdún mọ́dún, kí a tó tún pàdé ní ẹ̀ẹ̀mìíràn.

Àbọrú, àbọyè.